Ẹ̀yìn Ọwọ́ Onílé Wa

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni onílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ń yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò, bí ìyá tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ bóyá ibà ti mú un. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, síbẹ̀ igbó tí wọ́n ń mu ló gbìn pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ sínú garawa mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí oòrùn bá mú, á gbé wọn sí ìbòòji. Ìgbẹ́ adìyẹ kì í kàn wọ́n àfi tó bá ti jẹrà dáadáa.

"Oúnjẹ gbígbóná ń pa ọmọ," ló máa ń wí.

Ìgbà ìjọba ológun ni. Bí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé, àyà mi á já.

"Ìyá Ìbejì, fọkàn balẹ̀. Ta ló máa dá a mọ̀ láàárín ẹ̀fọ́?" onílé wa á wí fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́pàá kan wá béèrè yàrá tó ṣófo. Ó rí garawa wọ̀nyẹn. Ó lóṣòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀.

"Bàbá, ooru yìí ti pọ̀ jù fún un," ó ní. "Lọ́la ni màá kó ẹrù mi dé."

Onílé wa gbé garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìbòòji, ó sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wá fún ọlọ́pàá.