Àmì Iná Lára Akọ̀ Ìbọn

Òórùn awọ màlúù tí a rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ìkòròdú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ̀gá, bíi tèmi, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Akọ̀ ìbọn ló ń ṣe, àpò awọ tí àwọn ọdẹ fi ń so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbàdí. Títí dé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń wá a, nítorí wọ́n gbà pé ohun tó bá rán kì í já. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tí iléeṣẹ́ tí mo wà kógbá sílé, tí mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí pé mo ní ìwé ẹ̀rí póli, mo rò pé mo gbọ́n ju iṣẹ́ náà lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀gá kì í fi ṣeré. Bí a bá ra awọ dé, á fi àtàǹpàkò wá ibi tí àwọn darandaran ti fi irin gbígbóná sàmì sí màlúù, á sì gé ibẹ̀ sọnù. Á ní, “Awọ tí iná ti jẹ, bó pẹ́ bó yá, á já.” Lójú tèmi, ìfiṣòfò ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọdẹ kan tó ń ṣọ́ ìlú Ejìnrìn fẹ́ gba akọ̀ rẹ̀ kíákíá. Awọ tó kù kò tó fún ojóbó tí bẹ́líìtì máa gbà kọjá. Mo mú èyí tí ọ̀gá gé sọnù, mo yí ojú àmì náà sínú, mo kùn ún ní dúdú, mo rán an. Ọ̀gá gbé e sún mọ́ ojú, kò rí nǹkan kan. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń súfèé.

Kò pé oṣù mẹ́ta. Ọdẹ náà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ojóbó yẹn já. Ìbọn bọ́ lu pákó ọkọ̀, ó dún, ọta sì wọ orúnkún rẹ̀. Ní ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé akọ̀ náà wá. Ó jù ú sílẹ̀ níwájú wa, ó ní ọsibítù Ẹ̀pẹ́ ni àbúrò òun wà, ó sì lọ. Ọ̀gá mú un, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tó já. Ó gbójú sókè sí mi.

“Ṣé o rí àmì iná yìí nígbà tí ò ń rán an?”

“Mo rí i, sà.”

Kò bú mi. Ó wẹ̀, ó wọṣọ, a jọ wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ fà mí lé wọn lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ọdẹ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ó ní, “Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ojú mi ni kò ríran mọ́. Ẹ má bi ẹlòmíràn léèrè.” Mo dúró, mo ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọdẹ kankan kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọ̀gá padà sí Ọ̀yọ́, kò sì fọwọ́ kan awọ mọ́ títí tó fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọmọṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán ni mo jẹ́.

Ẹja yíyan ni mo ń rà ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, tí mo ń gbé lọ tà ní Ìkòròdú. Ọdẹ náà wà ní ọjà Ẹ̀pẹ́ yẹn, iṣẹ́ títún àwọ̀n ló fi ń jẹun. Ó fẹ́ràn mi, ó máa ń ní kí n jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún dárúkọ ọ̀gá mi. Ó ní, “Kí Ọlọ́run má forí jì í níbi tó wà.” Ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, “Àmín.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń mú un bọ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ ọjà bá tún pé, màá lọ. Á ní kí n jókòó, màá sì jókòó.