Okùn Ìsáṣọ Méjì Níwájú Ọ́fíìsì

Ọdún tí owó epo bẹntiróòlù dédé fò sókè lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Festac tí ẹ ń bi mí bí a ṣe jà fún owó ìtọ́jú àdúgbò. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe fún ìjọba àpapọ̀ ni kí n máa ṣírò iye tó ń wọlé fún ìdílé káàkiri ìgbèríko, láti ọdún dé ọdún. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Mo tan ara mi jẹ ni.

Iléeṣẹ́ aládàáni kan ló ń bá wa tún gọ́tà ṣe. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ iye tó ń wọlé lóṣù. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé: owó tí à ń san yóò di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí pé ara ti tu àdúgbò. Àǹtí Rónkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti kéré, bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun kò lè san owó ilé kó tún san ìyẹn. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo lọ bá Káyọ̀dé, ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa tó ń wọ kóòtù àti táì lójoojúmọ́, tí gbogbo wa kà sí olówó.

"Káyọ̀dé, kí lo kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn?"

"Màmá, ohun tí mo gbà gbọ́ ni mo kọ."

"Iye tí ò ń gbà lóṣù ni mo bi ọ́."

"Mi ò kì í fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ àìní, Màmá. Ibi tí Ọlọ́run ń gbé mi lọ ni mo kọ."

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Àǹtí Rónkẹ́, mo bi òun náà. Ó jókòó sórí àpótí tó ń dì lọ́wọ́. "Ṣé kí n wá kọ òṣì sórí bébà ni? Èmi náà kọ ìbùkún mi." Ẹ̀rín pa mí débi pé mo ní láti jókòó tì í.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo pe ìpàdé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ náírà, kó má sì kọ orúkọ. Kí kálukú kọ iye àpò ìrẹsì tí owó tó wọlé lóṣù tó kọjá lè rà. Kò sẹ́ni tó rí ìrẹsì bí ìjẹ́wọ́ òṣì, wọ́n kọ òótọ́. Mo sì ní irú bébà bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́ nínú agolo bisikíìtì, láti ìgbà tí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí owó gọ́tà. Náírà ló wà lórí wọn, mo bá fi iye tí ìrẹsì jẹ́ nígbà náà pín in.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, a so okùn ìsáṣọ méjì níwájú ọ́fíìsì wọn, a fi píìnì ìsáṣọ há àwọn bébà náà sí i láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Okùn kan fún àtijọ́, ọ̀kan fún òní. Ọ̀gá wọn jáde.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́fíìsì mi di ilé alágbàfọ̀ ni?"

"Ẹ bá wa kà á ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òsì, Káyọ̀dé á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ibi tí ẹ bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ìdílé àárín wà."

"Kí ló dé tí a ò kàn ní ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ká pín in dọ́gba?"

"Ẹ wo ìparí okùn yẹn. Kò sórúkọ níbẹ̀, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá méjì ní oríta Apple Junction nìyẹn. Tí ẹ bá pín owó wọn fún wa nínú ìwé, ta ló máa gbé e wá sílé fún wa?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kà á. Lórí okùn àtijọ́, wọ́n pàdé níbi àpò mẹ́fà. Lórí ti òní, wọ́n pàdé níbi àpò méjì. Ọkùnrin náà tún un kà. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí bébà àpò méjì náà, ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jókòó kọ ọ́? Ta ló ni eléyìí?"

Káyọ̀dé ṣì di bébà náà mú. Ó tú táì rẹ̀ díẹ̀.

"Èmi ni mo ni ín, sà."

Àǹtí Rónkẹ́ rìn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ okùn, ó dúró lábẹ́ bébà kẹta. "Tèmi rèé." Bí àwọn yòókù ṣe ń bọ́ síwájú nìyẹn, kálukú lábẹ́ bébà tirẹ̀, tí wọ́n ń ti ara wọn lẹ́jìká, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, títí ẹnì kan fi dá orin ọpẹ́. Mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Wọ́n fagi lé ìlọ́po mẹ́ta. Díẹ̀ ni wọ́n fi kún un, a sì ń san án. Àmọ́ ìdílé méjì ti kó lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò padà mọ́. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. A sì ṣèlérí pé a ó máa ka bébà lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ náà, a ò tíì kà á lẹ́ẹ̀kan. Gbèsè tí a jẹ ara wa nìyẹn.

Agolo bisikíìtì wà lọ́dọ̀ mi. Okùn méjèèjì wà lẹ́yìn ilé Àǹtí Rónkẹ́, níbi tó ti ń sá aṣọ ní gbogbo Sátidé. Bí ẹ bá ti múra tán láti kà, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó máa ní kí ẹ jẹ́ kí aṣọ òun gbẹ ná.