Ihò Tó Ń Fẹ̀ Nínú Egungun Mi

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́ nígbà tí iṣan orúnkún mi ọ̀tún já. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Mo fò sókè, mo balẹ̀, ẹsẹ̀ mi dúró sójú kan, ara mi yí. Ìró tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ.

Dókítà ìjọba kan ní Oǹdó ló ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ó lu ihò sí egungun itan, ó lu òmíràn sí egungun ojúgun, ó mú iṣan lẹ́yìn itan mi láti fi rọ́pò èyí tó já, ó fà á gba inú ihò méjèèjì, ó sì fi irin kéékèèké há a mọ́bẹ̀.

"Egungun yín á hù dì mọ́ ọn," ó wí. "Sùúrù lẹ máa ní, mà."

Ìyá mi fi oko kòkó rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró sílẹ̀, ó wá tọ́jú mi. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún un. Ó ń pọn omi láti kànga ilé kejì, ó ń fi ọwọ́ ti ìbàdí, kòkó sì ń jẹrà lórí igi.

Ọdún yẹn le. Owó oṣù kì í wọlé, epo ọkọ̀ wọ́n, àwọn dókítà ìjọba sì yanṣẹ́ lódì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé Oǹdó fún àyẹ̀wò tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ sínú ìwé fún mi nínú yàrá mi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n kò fo ọjọ́ kan.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, mo ju ọ̀pá tí mo fi ń rìn sílẹ̀, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí oko. Mo ru apẹ̀rẹ̀ kòkó, a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Orúnkún mi kàn yẹ̀ ni, mo ṣubú.

"Ṣé ẹsẹ̀ yẹn náà ni?" ìyá mi bi mí.

"Òun ni, Màámi."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa kòkó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn dókítà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Èyí tó ṣiṣẹ́ abẹ mi gbé fọ́tò egungun mi sókè síbi fèrèsé, ìyá mi jókòó tì mí.

"Ihò tí mo lu kò fẹ̀ ju ara bírò lọ," ó wí. "Ó ti fẹ̀ tó ìlọ́po méjì báyìí. Òpó tí ihò rẹ̀ bá fẹ̀, mímì ló máa máa mì."

"Kí ni mo ṣe tí kò dáa, sà?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, a kì í sì í sábà mọ ìdí rẹ̀."

Ó ní ó ṣeé tún ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ bu egungun níbi ìbàdí mi, wọ́n á fi dí àwọn ihò náà, a ó dúró fún bí oṣù mẹ́fà kó lè san, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún wá lu òmíràn.

"Ṣé màá lè sáré?"

Ó yọ fọ́tò náà kúrò lójú fèrèsé. "Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, mà."

Mo wo ìyá mi. Ó fi ọwọ́ ti ìbàdí lórí ìjókòó. Mo mọ̀ pé kò lè pọn omi ọdún kan mìíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, a jáde. N kò padà lọ.

Wọ́n gbé ẹlòmíràn sí pápá níléèwé, èmi wá ń kọ́ni nínú kíláàsì. Ìgbó bo oko náà. Ìyá mi kó wá bá mi ní Àkúrẹ́, ní àdúgbò tí kò ti rí ẹni bá sọ èdè Oǹdó àyàfi èmi, ó sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí a lọ wo oko.

"Àwa méjèèjì?" ó wí. "Tí ọ̀kan bá ṣubú, ta ló máa fà á dìde?"

Mo wọlé lọ gbé omi kaná.