Jìtá Kan fún Ọmọ Méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Agbassa, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni mo bá gbọ́ ariwo kékeré tí ìka máa ń ṣe nígbà tó bá ń sáré lórí okùn jìtá. Ọmọbìnrin ayálégbé mi ló ń fi fóònù kọ́ ara rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n Píjìn ló máa ń fi dá mi lóhùn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Warri níbí. Nígbà tó sú u, ó gbé jìtá náà wá bá mi, ó ní, "Mama, which finger I go use for here?"

Mi ò tilẹ̀ ronú kí n tó dá a lóhùn. Mo ní kó fi ìka òrùka sílẹ̀ níbi tó wà, kí okùn ńlá tí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ń ta má baà dákẹ́, kó wá fi ìka tó kéré jù tẹ okùn tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀. Ó dán an wò, ó dún. Ẹnu yà á. Ló bá na jìtá sí mi pé kí n ta á kí òun gbọ́. Mo ní ọwọ́ ń ro mí. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí, ó sì ti ń tì mí láti kékeré.

Àwọn òbí mi wá sí Warri láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹja gbígbẹ ni ìyá mi sì ń tà. Ìkarahun ìṣáwúrú la dà sílẹ̀ àgbàlá wa kí ẹrẹ̀ má baà mu wá lẹ́sẹ̀, gbogbo ìrìn ẹni ló ń dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́. Nínú àgbàlá yẹn ni Ejiro wà, ọmọ Urhobo, ẹgbẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Tó bá dé lálẹ́, á wẹ̀, á gbé jìtá rẹ̀ jáde, èmi àti Ejiro á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́. Jìtá náà tóbi ju àwa méjèèjì lọ. Nígbà tí ìjà wa sú bàbá yìí, ó fi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó gbé ikùn jìtá lé Ejiro lẹ́sẹ̀ lápá ọ̀tún, ó kọ ọrùn rẹ̀ sí èmi lápá òsì. "You hold neck, she hold belle," ó wí. "Anybody wey fight, I go sell am."

Bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ejiro ń ta okùn, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ á dúró lẹ́yìn mi, á máa fi ọwọ́ tirẹ̀ to ìka mi. Ó ní ìka tó bá ti délé, kí n má lé e jáde; èyí tí kò níṣẹ́ ni kí n rán. Ó ní kí n má jẹ́ kí ìka tí a fi ń lá ọbẹ̀ gba iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe. Nígbà tó yá, kí àtàǹpàkò Ejiro tó kan okùn, ìka mi ti débẹ̀. Bó bá fẹ́ rọra, èjìká rẹ̀ ló ń sọ fún èjìká mi. Àwọn ará ilé ń pè wá ní alákàn nítorí ọwọ́ wa mẹ́rin àti ẹsẹ̀ wa mẹ́rin.

Lójú tèmi, èmi gan-an ni oníjìtá. Ṣebí èmi ni mò ń yan ìka? Ejiro kàn ń ta ohun tí mo bá tẹ̀ ni. Ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ròyìn mi káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ni ilé iṣẹ́ bá gbé bàbá Ejiro lọ sí Kàdúná. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń lọ, bàbá náà fi jìtá sílẹ̀ fún mi, ó ní òun á ra òmíràn fún Ejiro lọ́hùn-ún. Ejiro sunkún, èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n inú mi dùn díẹ̀ pé jìtá di tèmi. Ọjọ́ kejì ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì ti ní kí n wá ta jìtá níbẹ̀. Mi ò dá a gbìyànjú wò. Kí ni mo fẹ́ gbìyànjú nínú ohun tí mo mọ̀?

Wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún mi níwájú ìjọ. Ọwọ́ òsì mi lọ sáyè rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan délé. Ọwọ́ ọ̀tún wá dúró lófurufú, kò mọ ibi tó ń lọ. Mo gbá gbogbo okùn náà pọ̀, ó dún bí ìgbà tí ṣíbí bọ́ sínú abọ́. Mo tún gbá a. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn àgbà. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mi ò tíì mọ ikú nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀sín lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi dìde níwájú níbẹ̀, ó gbé orin sókè, ìjọ sì bá a gbè é títí mo fi ráyè sá jókòó.

Èmi àti ìyá mi jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé ọwọ́ kan péré ni Ejiro fi sílẹ̀ fún ọ ni?" Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì fún mi. Gbogbo ìjọ ló ti pa á tán. Sìmẹ́ǹtì ti bo ìkarahun àgbàlá wa báyìí. Àwọn ọmọ ìwòyí ń dá jìtá kọ́ nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìdajì rẹ̀ lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Èmi, bí mo bá ń dúró de nǹkan ní báńkì, ọwọ́ òsì mi á máa tẹ orin lé itan mi, ọ̀tún á kàn sùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọmọ yẹn gbé jìtá rẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó ronú kan ohun tó yẹ kí n ti rò tipẹ́. Jìtá tuntun wà lọ́wọ́ Ejiro ní Kàdúná. Ó lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ráyè kọ́ ọ ní ìdajì tó kù, ó sì lè jẹ́ pé kò ráyè. Wọ́n á ti ní kó wá ta á rí, níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa ṣe dáadáa, kò sì ní sí ìka kankan níbi tó yẹ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀sín tèmi nìkan ni mò ń gbé kiri. Mi ò bi ara mi rí bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó bá a gbé orin sókè, bí ìyá mi ṣe ṣe fún mi.