Ẹ̀jẹ̀ Mùtúrù Kan ní Dù

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba gbé mi láti Èkìtì lọ sí Jos. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé pé ẹ̀jẹ̀ màlúù ni mo ń yẹ̀ wò, wọ́n ní ṣé kò wá sí iṣẹ́ mìíràn fún ọmọ tó lọ sí yunifásítì ni. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé góńgó.

Ohun tí màlúù jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á sùn títí àìsàn á fi dé, ara á wá jí i. Bí sámórè, àìsàn tí eṣinṣin igbó ń kó ran ẹran, bá mú màlúù àwọn Fúlàní, á gbẹ, á kú. Mùtúrù, màlúù kúkúrú tí kò níké, á máa jẹko lọ ní tirẹ̀. Kí ni ara rẹ̀ ń jí? Láti mọ̀ ọ́n, a gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹran kan náà nígbà tí ara rẹ̀ dá, ká tún gbà á nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́.

Òtútù kì í jẹ́ kí eṣinṣin yẹn pọ̀ lókè Jos. Lọ́dún kan ṣá, àìsàn náà ya wọ Dù, abúlé kan nítòsí Jos. Àwọn mùtúrù tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí ara wọn dá, wọ́n ti tà wọ́n tàbí pa wọ́n jẹ tán, àfi abo dúdú kan tó jẹ́ ti Bàbá Gyang, àgbẹ̀ ọmọ ẹ̀yà Bírọ́ọ̀mù. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀ fi hàn pé àìsàn ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò tó iṣẹ́ wa nígbà náà, ẹ̀kún ìgò ló ń gbà. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìgò àti yìnyín, mo sáré lọ.

Mo bá èrò rẹpẹtẹ lágbàlá. Ìyá Bàbá Gyang ti kú, wọ́n sì ti so abo dúdú mọ́lẹ̀.

"Sannu, Likita," ni Bàbá Gyang fi Haúsá kí mi; dókítà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. "Òun la ó fi sin ìyá mi."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀ ẹ́, "Baba, don Allah, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ ìgò kan péré kí ẹ tó pa á."

"A kì í fi abẹ́rẹ́ gún ẹran ìsìnkú nílé wa."

"Tí ẹ bá wá pa á, kí n fi ìgò gbe èyí tó ń ṣàn ńkọ́?"

"Ilẹ̀ tó fẹ́ gba ìyá mi ló ni í." Ó wò mí lójú. "Likita, bó bá jẹ́ ìyá tìrẹ ńkọ́?"

Mo gbé ìgò mi sílẹ̀. Mo lè fi orúkọ ìjọba dẹ́rù bà á, ọ̀gá mi ìbá sì yìn mí. N kò ṣe é. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, yìnyín mi ń yọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bu ẹran fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ata àti iyọ̀ jẹ ìdáhùn ìbéèrè mi. Ó tiẹ̀ dùn.

Sámórè kò gòkè dé Dù mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni mo wà báyìí. Àárò òtútù Jos ń sọ mí, àárò Bàbá Gyang náà ń sọ mí, ṣùgbọ́n ti abo dúdú yẹn ló le jù. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lóde òní sọ fún mi pé ẹ̀rọ àwọn lè ka gbogbo ohun tí ara ń jí láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.

"Mọ́mì," ó ní nígbà tó gbọ́ ìtàn abo dúdú, "ṣé ẹ ò kábàámọ̀ pé ẹ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀?"

"Rárá," ni mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ̀."