Tábúlẹ́ẹ̀tì "Tuntun" Tó Ti Ní Màmá

Ẹ gbà mí o, tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo rà láàárọ̀ yìí ti ní màmá kó tó dọ́wọ́ mi!

Agboju ni mo ti rà á. Lójú mi ni bọ̀dá tó ń tà á ṣe ya ọ̀rá ara rẹ̀.

"Àǹtí mi, tuntun ni. Ẹ fọwọ́ kan ojú ẹ̀."

Lóòótọ́, ó ń yọ̀ bí ilá.

Mo délé ní Festac, mo ń fi ìka ya sítáì búláòsì kọ́sítọ́mà mi sórí ẹ̀, ni álààmù bá dún. Ohun tó hàn lójú ẹ̀ nìyí: "Màámi, ṣé ẹ ti jẹun? Ó ti tó àsìkò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

Màámi ta? Mo pe bọ̀dá yẹn kíá.

"Àǹtí, iléeṣẹ́ tó ṣe é ló fi síbẹ̀."

"Iléeṣẹ́ Ṣáínà ló ń sọ Yorùbá, tó tún ń bọ̀wọ̀ fágbà?"

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́.

Álààmù yẹn tún ti ń dún báyìí. Ọkàn mi ò gbé e kí n pa á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe? Torí níbi tí màmá yẹn wà báyìí, ta ló ń rán wọn létí?