Ọwọ́ Bàbá Onílé Nínú Gààrí

Gààrí tuntun ní òórùn kíkan kan tó máa ń dúró sára aṣọ. Nígbà kónílé-ó-gbélé, òórùn yẹn ni mo ń sùn tì, òun náà ni mo ń jí bá. Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti ìyá ìyá mi ń gbé ní Igbona, l'Óṣogbo. Kí wọ́n tó ti ọ̀nà pa, àwọn ará ilé wa dáwó jọ ra àpò gààrí mẹ́ta láti Ọ̀tan-Ilé, wọ́n kó o sí yàrá wa nítorí pé fèrèsé wa ló kọjú sí títì. Ojú fèrèsé yẹn ni mo ti ń wọ̀n ọ́n fún wọn láràárọ̀, kí wọ́n má baà wọlé. Wọ́n ti ti ọjà náà pa. Òun ni gbogbo wa gbójú lé.

Màmá àgbà ní ikọ́ fée. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ti kìlọ̀ fún mi pé bí kòrónà bá wọlé tọ̀ wọ́n, wọn ò ní lè mí. Wọn kì í jáde, èmi náà kì í jáde. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí àpò gààrí, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ wá: ta ló ń gba gààrí láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò? Bàbá onílé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ki ọwọ́ bọ abọ́ gààrí tí mo ń wọ̀n, wọ́n ju díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n lá ìka, wọ́n tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọwọ́ tí wọ́n lá bọ̀ ọ́. Èmi tí mi ò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, kí ni mo fẹ́ kọ́ ẹni tó ni òrùlé orí wa? "Ẹ ṣé, sà," ni mo rí sọ.

Nígbà tí màmá àgbà ní kí n rẹ gààrí fún àwọn lọ́sàn-án, mo wo abọ́ yẹn títí omijé fi bọ́ lójú mi. Mi ò lè bù ú fún wọn, mi ò sì lè bù ú fún ẹlòmíì. Mo gba fèrèsé ẹ̀yìn dà á fún adìyẹ bàbá onílé.

Kò pẹ́ tí mo gbóhùn wọn. "Ta ló ń fi gààrí bọ́ adìyẹ nígbà tí èèyàn ò rí jẹ?"

Mo kúnlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, níbi tí wọn ò ti lè rí mi. "Èmi ni, sà. Ọwọ́ tí ẹ lá ni ẹ fi bọ̀ ọ́. Màmá ò sì lè mí dáadáa, sà."

Wọ́n wo àwọn adìyẹ náà, wọ́n ní, "Ṣé adìyẹ mi ò wá ní kó kòrónà báyìí?"

Màmá àgbà bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Láti ọjọ́ kejì, ṣíbí gígùn ni mo fi ń da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò. Bàbá onílé fúnra wọn á dúró lókèèrè, wọ́n á máa pariwo: "Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́! Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, adìyẹ mi ló máa jẹ tiẹ̀!"

A ṣì há sínú yàrá yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí àpò tó tán. Ìtìjú mi kò lọ; títí dòní, ilẹ̀ ni mo ń wò bí mo bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àgbà ló ń dákẹ́. Àmọ́ àgbà méjì ni mo ní lọ́jọ́ náà, ọ̀kan níta, ọ̀kan tó ń mí fée lẹ́yìn mi. Ká ní mo dákẹ́ fún ọ̀kan ni, bóyá èkejì ni ǹ bá sin.